Má Tíì Pe Ìdòwú Ní Olódo

Ilé wa, Erúwà,
Àárọ̀ Ọjọ́rú.

Kẹ́hìndé mi, Àjọkẹ́ ọmọ dáadáa,

Àsàlámù àlékù o. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ìwé yìí bá ọ nínú ìbínú, torí inú dídùn ni mo fi ń kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyà mi ń já díẹ̀díẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ mí. Bí òjò bá ṣú, èmi ni mo máa kọ́kọ́ sáré kó aṣọ. Bí kò bá sì rọ̀ mọ́, èmi náà ni gbogbo ilé á fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Táyé ti ọ̀dọ̀ rẹ dé lánàá. Kò tíì jókòó tó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, tíṣà yín tó wà ní Lánlátẹ̀ ní ọmọ yín ti dá òun lágara o."

Mo ní, "Ọmọ wo nìyẹn?"

"Ìdòwú ni. Kẹ́hìndé ní òun ti kọ́ ọ títí, ahọ́n òun ti gbẹ. Bí òun bá kọ 'wá' sí sílétì, á ní kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí òun bá ní kó kọ nǹkan, á kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Ó ní bí wọ́n bá ti gba ọlidé, òun á dá a padà fún yín, kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Ó ní olódo ni, olórí kunkun ni, àti pé kí lẹ tiẹ̀ ń retí lára Ìdòwú, èṣù lẹ́yìn ìbejì?"

Mo bú sẹ́rìn-ín, torí ohùn rẹ gan-an ni mo ń gbọ́ lẹ́nu Táyé. Ìgbà tó lọ wẹ̀ ni mo wá ro ọ̀rọ̀ náà wò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà bá pè ní olódo, ta ló kù láyé tó máa sọ fún un pé kì í ṣe olódo? Bí ó bá gbé ọ̀rọ̀ yẹn padà wálé, kò sí ẹ̀kọ́ tí mo lè fi pa á rẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú kálámù kí ọlidé yín tó dé.

Mi ò bá ọ jà o. Nígbà tí o ṣe tíṣà jáde, tí wọ́n gbé ọ lọ sí Lánlátẹ̀, tí ìwọ àti ọkọ rẹ tún ní kí n fún yín ní Ìdòwú kí o lè máa fi ìwé mọ́ ọn lọ́wọ́ nílé, mo jó nínú ilé ìdáná, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá ìkòkò. Ìwọ fúnra rẹ mọ bó ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn yín kí Ìdòwú tó dé. Àwọn kan ti ń pè mí ní Ìyá Ìbejì bí ẹni tí ó ti parí iṣẹ́. Ọmọ tí mo fi ojú wá báyìí, bí mi ò bá fẹ́ràn rẹ, mi ò ní gbé e fún ọ.

Èmi náà kì í ṣe arúgbó tí yóò máa fi ewú orí dẹ́rù bà ọ́. Ṣé o rántí awakọ̀ tó rí wa níjọ́ tí a jọ ń lọ sí Igbó-Ọrà, tó ní, "Ẹ̀yin tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí, ẹ wá wọkọ̀"? Inú mi dùn títí a fi délé. Ìwé mọ́dà ni mo kà jáde, mi ò lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà bíi tìẹ. Ṣùgbọ́n mo ti tọ́ olódo kan rí, olódo náà sì ti di tíṣà. Ìwọ ni.

Má bínú. Jókòó, kí n sọ ọ́. O lè rántí díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n o ò lè mọ bó ṣe rí lójú tèmi.

Nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì wọ ilé-ìwé, ohun gbogbo yín, méjì méjì ni. Aṣọ méjì, bàtà méjì, abọ́ méjì. Bí ẹnì kan bá fi gúgúrú kún ọwọ́ Táyé, ó di dandan kí ó kún ọwọ́ tìẹ náà. Ìyá àgbà yín, kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ wọn, kò ní gbà bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ìwé kíkà, èmi tí mo mọ̀wé, mo ní ọ̀kan ti tó. Mo ní ọ̀rọ̀ tó wà nínú ọ̀kan náà ló wà nínú èkejì, kí ẹ jọ máa kà á.

Ìyá àgbà ní, "Ìyá Ìbejì, ohun ìbejì mà ni o."

Mo ní, "Ìyá, ìwé ni, kì í ṣe ẹ̀wà."

Bí ẹ ṣe ń jẹun náà lẹ ṣe wá ń kàwé. Ẹ á gbé àpótí sáàárín, Táyé lápá ọ̀hún, ìwọ lápá ìhín, ẹ ó kọjú síra yín bí ẹni ń ta ayò. Táyé ló máa ń ṣí ìwé, torí náà òun ni ìwé ń kọjú sí. Ẹ á wá ta á lẹ́nu: "Ọ̀bọ wọ oko. Ọ̀bọ jẹ àgbàdo. Àdìó lé ọ̀bọ." Ohùn yín á ròkè bí ohùn ẹnì kan. Èmi á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo á máa mi orí. Gbogbo aládùúgbò ló mọ̀ pé àwọn ọmọ Ìyá Ìbejì ti mọ̀wé, ẹnu mi ni wọ́n sì ti gbọ́.

Àfi bí tíṣà yín ṣe ránṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, Táyé á lọ sí kíláàsì kejì. Kẹ́hìndé á tún ti ọdún yìí kà. Kò mọ nǹkan kan. Bí mo bá gbé ìwé síwájú rẹ̀, á máa yí ọrùn, á máa yí orí, bí adìẹ tó gbọ́ ìró àṣá. Kò ní sọ̀rọ̀."

Mo gbé ọ̀rọ̀ délé, ilé gbiná. Ìyá àgbà ní, "Ta ni wọ́n ní kó dúró?"

"Kẹ́hìndé ni, Ìyá."

"Kẹ́hìndé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n! Táyé tí ó rán pé kó lọ tọ́ ayé wò fún òun, ìyẹn ni yóò wá ṣíwájú rẹ̀? Padà lọ sọ fún tíṣà yẹn pé kò mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò!"

Táyé fúnra rẹ̀ na ara sílẹ̀ lójúde, ó ní bí o kò bá lọ, òun náà ò lọ kíláàsì kankan mọ́, oko ni òun ń lọ. Bàbá yín ní kí gbogbo wa dákẹ́. Èmi ò lè dákẹ́. Ojú ń tì mí nítorí gbogbo ẹnu tí mo ti fọ́n. Mo mú pàṣán.

Mo gbé ọ jókòó ní ìwọ nìkan, mo tẹ́ ìwé síwájú rẹ dáadáa, mo gbé pàṣán lé itan. "Kà á!" O ò kà á. "Kí nìyí?" O bú sẹ́kún. Ó dé ibi tó jẹ́ pé bí o bá ti rí ìwé báyìí, wàá ní inú ń run ọ́. Ọmọ tó ń kọrin ọ̀bọ àti àgbàdo ní gbogbo ilé, mo fi pàṣán lé orin náà kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni bàbá yín ti oko dé, tó bá ọ níbi tí o ti ń da omi lójú lẹ́yìn ilé. Bàbá yín tí kò mọ A yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ adìẹ. Ó fìdí lé gbòǹgbò igi, ó fà ọ́ mọ́ra, ó ní, "Fi ìyá rẹ sílẹ̀, wàhálà ti pọ̀ jù fún un. Èmi ni kí o kà á fún." Ó gba ìwé, ó ṣí i, ó gbé e lé orúnkún bí alákọ̀wé. Ìwọ bá bẹ̀rẹ̀, geerege. Ọ̀bọ wọ oko, ọ̀bọ jẹ àgbàdo. Mo gbọ́ ọ láti inú ilé, mo rò pé Táyé ni.

Nígbà tí mo yọjú, ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ wo ìwé tí ẹ mú dání! Ó dorí kodò!"

Wọ́n wo ìwé, wọ́n wò mí. "Ó dorí kodò? Ọmọ ń kà á, o ní ó dorí kodò. Ìyá Ìbejì, jẹ́ kí èmi àti ọmọ mi gbádùn."

Mo fi ẹ̀rín gba ìwé, mo yí i sí bó ṣe yẹ, mo ní kí o máa kà á lọ. O dákẹ́. Mo tún dorí rẹ̀ kodò. O kà á. Ẹ̀rín mi gbẹ. Mo rò pé o ti há a sórí ni, ni mo bá ṣí ibi tí wọn kò tíì dé ní kíláàsì yín, mo dorí ìyẹn náà kodò. O fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, o kà á tán, o sì gbójú sókè wò mí bóyá mo máa nà ọ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tí mo ń nà ti mọ̀wé. Apá ibi tí ó ti ń wo ìwé ni kò dáa, èmi tí mo ra ìwé kan ṣoṣo ni mo sì gbé e jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú ọ lọ bá tíṣà. Mo ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dorí ìwé yìí kodò."

Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé kò sí nǹkan? Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Mo ní, "Ẹ ṣáà dorí ẹ̀ kodò, sà."

O kà á fún un. Ọkùnrin náà bọ́ fìlà, ó gbọn ọ́n, ó tún un dé. Ó ní, "Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, mi ò tíì rí i rí." Bí o ṣe bá Táyé lọ kíláàsì kejì nìyẹn. Mo ra ìwé kejì, mo gbé yín jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín. Ìyá àgbà ní, "Mo sọ fún ọ. Ìwé náà ń jẹ ẹ̀wà." Kò pẹ́ tí o fi mọ ọ́n kà lójú méjèèjì, o wá ń gba ẹ̀pà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ kí o tó kà á fún wọn ní ìdorí-kodò. Mo mọ̀ nípa ẹ̀pà yẹn, má wulẹ̀ sẹ́.

Wàyí o, Àjọkẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ rè é.

Àkọ́kọ́, wo ibi tí ọmọ jókòó sí kí o tó wo orí rẹ̀. Lẹ́yìn tí Táyé jẹ́ iṣẹ́ rẹ tán, mo ń ro ọ̀rọ̀ náà kiri. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi níbí, tó ń ka A B D bí orin, báwo ló ṣe di pé kò mọ 'wá'? Ìgbà tí mo rí bàbá yín tó ń lọ sí ìrun ọ̀sán ni nǹkan kan là sí mi lójú. Ẹ̀yin ìbejì, ilé-ìwé lẹ kọ́kọ́ mọ̀ kí ẹ tó mọ ilé kéwú. Ti Ìdòwú kò rí bẹ́ẹ̀. Kó tó hu eyín tán ló ti ń di aṣọ bàbá rẹ̀ mú lọ sọ́dọ̀ Alfa. Wáláà ló kọ́kọ́ gbé lọ́wọ́ kí ó tó rí sílétì. Apá wo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ohun tí a kọ sí wáláà, Kẹ́hìndé? Apá ọ̀tún ni.

Ta wá ló sọ fún un pé apá òsì ni tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀? Èmi ò sọ fún un. Mo rò pé ó mọ̀. Ṣé ìwọ sọ fún un? Àwa tí a ti mọ̀wé, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ ọ́ fún wa, a wá rò pé a bí i mọ́ ọmọ ni. Bí o bá kọ 'wá', tí ọmọ náà sì ti apá ọ̀tún bọ̀, 'áw' ni yóò pàdé. Ó wá sọ fún ọ pé kò sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ló sọ! Èwo ni 'áw'? Ìwọ gbọ́ 'áw' rí?

Mi ò búra o. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kán àmì kékeré sí apá òsì sílétì rẹ̀, kí o di ìka rẹ̀ mú, kí o ní, "Ibí ni ilé rẹ̀, ibí la ti ń jáde." Lẹ́yìn náà, kí o dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ti pọ̀ jù.

Bó bá jẹ́ ohun tó ṣe é nìyẹn, má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kéwú ló bà á jẹ́. Ọ̀nà méjì ló mọ̀. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún un pé ọjà méjèèjì ò sí lójú ọ̀nà kan náà ni.

Ìkejì, fi pàṣán sílẹ̀ ní ilé-ìwé. Mo mọ̀ pé tíṣà ni ọ́, ṣùgbọ́n bí o bá ti délé, ẹ̀gbọ́n ni ọ́. Èmi ti sọ ilé di ilé-ìwé kejì rí, inú rírun ni mo fi jèrè. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ti Ìdòwú yìí, òsì gan-an ni kí o fi bẹ̀rẹ̀.

Nípa ti orúkọ ẹ̀wẹ̀: Ìdòwú kì í ṣe àìsàn. Gbogbo ayé ló ní olórí kunkun ni ẹni tó bá tẹ̀ lé ìbejì, kí ó tó la ojú ni wọ́n ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bí Táyé bá da omi nù, a ó ní ó ṣèèṣì. Bí Ìdòwú bá da omi nù, a ó ní ṣé ẹ rí i? Èmi náà ń sọ bẹ́ẹ̀ títí di àná. Mo ti ṣíwọ́. Ìwọ náà ṣíwọ́.

Má fi ebi kọ́ ọ níwèé. Jẹ́ kó jẹun, jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ díẹ̀, kí ojú oòrùn rọ̀, kí o tó wá pè é. Bí ó bá kà á díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yán, ẹ pa ìwé dé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìwé tí a pa dé pẹ̀lú ẹ̀rín, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò wá a lọ́la. Kí o sì máa pàlọ́ fún un kí ẹ tó kàwé, torí ẹni tí kò bá mọ adùn ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kí ni yóò wá lọ sínú ìwé?

Má sì rò pé inú ìwé nìkan ni ìwé wà. Ọmọ tó fẹ́ràn mọ́tò bíi tirẹ̀! Ẹ dúró sẹ́bàá títì lọ́jọ́ ọjà, kí ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ síwájú lọ́rì tó ń kó iṣu àti gbágùúdá bọ̀. Sùúrù Lérè. Ọmọ Lẹ̀ṣọ́. Ẹ ka ara páálí ìṣáná, ẹ ka ara páálí ṣúgà. Nígbà mìíràn, kí o ní kí ọkọ rẹ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀wé, kí Ìdòwú máa kọ́ ọ. Bàbá yín kò ṣe bí ẹni tí kò mọ̀wé, kò mọ̀wé lóòótọ́, síbẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹnu rẹ ti là.

Ibi tí mo kọ ìwé yìí dé nìyí tí mo fi gbé kálámù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Táyé jẹ́, pé ó ń kọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè kà, kò kúrò lọ́kàn mi. Mo wá rántí pé kí o tó wá mú un lọ, ó fi èédú kọ nǹkan sára ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo sì pariwo lé e lórí pé ó ń ba ògiri mi jẹ́. Mo ti bẹ bàbá yín pé kí wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ kí Iléyá tó dé. Amọ̀ ọ̀hún ti wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Mo dìde, mo lọ wò ó. Ó ṣì wà níbẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Mo kà á bí a ṣe ń kà á: U, W, O, D, I. Mo ní, Uwodi, kí ni Uwodi? Mo wá lọ dúró sí apá ọ̀tún, bí ọmọ kéwú, mo fi ìka tọ ọ́ bọ̀ wá sí apá òsì.

Kẹ́hìndé, mo pariwo. Bàbá yín sáré jáde, wọ́n rò pé ejò ni. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, orúkọ rẹ̀ ni! Orúkọ rẹ̀ ló kọ!" Wọ́n wo ògiri títí, wọ́n ní, "Ó mà dáa o. Ṣé kò dorí kodò ṣá?"

Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó kọ òmíràn, kékeré, lẹ́bàá ibi tí mo máa ń jókòó sí já ẹ̀fọ́. A, Y, I. Mo ti rí i lójoojúmọ́ tí mo ń rò pé èérí ni. Mo tún ti apá ọ̀tún bọ̀. Mo fi ìka tọ ọ́: I, Y, A.

A ti kó amọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri yẹn, Iléyá ìbáà dé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Má dá a padà, ọmọ mi. Fi ìka rẹ̀ sí apá òsì, kí ó máa bá ọ kàwé lọ. Ìgbà tí mo bá wá nájà ní Lánlátẹ̀, mo á yà kí gbogbo yín. Ṣùgbọ́n lónìí, bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, pè é, fà á mọ́ra, kí o sì sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti rí ìwé tó kọ sí i, ó sì ti kà á.

Èmi ni,
Ìyá yín.